Idẹ Inú Ikùn Ọkọ̀

Oríṣiríṣi ni ohun tí bàbá máa ń fi sílẹ̀ fún ọmọ. Ilé wà níbẹ̀, ilẹ̀ wà níbẹ̀, orúkọ rere wà níbẹ̀, gbèsè pàápàá kò gbẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ogún kan wà tó jẹ́ pé iṣẹ́ ni láti òwúrọ̀ dalẹ́: ohun èlò àtijọ́ tí omi àti afẹ́fẹ́ kò yé bá jà. Ẹni tó bá jẹ irú ogún bẹ́ẹ̀ kò lè ti ìlẹ̀kùn mọ́ ọn kó sì lọ sùn. Bí kò bá tọ́jú rẹ̀, yóò bàjẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Bí ó bá sì fẹ́ tọ́jú rẹ̀, dandan ni kó yẹ gbogbo ohun tí ọwọ́ bàbá ti ṣe sí i wò, kó sì sọ èyí tó dára àti èyí tí kò dára. Ibi tí ọ̀rọ̀ ogún ti máa ń nira nìyẹn.

Ọkùnrin kan tó ń gbé ní ìlú Louisville, ní ìpínlẹ̀ Kentucky ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, jẹ irú ogún yìí. Ọkọ̀ ojú omi ni bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀, ọkọ̀ ìgbafẹ́ oníyàrá tí gígùn rẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 32, tí wọ́n fi alumíníọ̀mù kàn látòkè délẹ̀. Marinette ni wọ́n ń pe irú ọkọ̀ náà. Ní Louisville yìí kan náà ni wọ́n ti kàn án ní àwọn ọdún 1970. Ó ti pẹ́ tí ilé-iṣẹ́ tó ń kàn wọ́n ti kógbá sílé, ṣùgbọ́n àwọn ọkọ̀ náà ṣì wà káàkiri lórí odò Ohio, odò tó gùn ní máìlì 981 láti ìlú Pittsburgh títí dé Cairo ní ìpínlẹ̀ Illinois, níbi tó ti dà pọ̀ mọ́ odò Mississippi. Ibùsùn wà nínú ọkọ̀ náà, ibi ìdáná wà níbẹ̀, ilé ìwẹ̀ kékeré sì wà níbẹ̀. Ẹ́ńjìnnì Chrysler méjì, oní-sìlíńdà mẹ́jọ-mẹ́jọ, ló ń tì í lórí omi.

Púlọ́ńbà ni bàbá náà. Ohun tó fi tọ́ ọmọ méjì dàgbà ni páìpù, ẹ̀rọ omi àti ìgò omi gbígbóná inú ilé àwọn ènìyàn. Ọwọ́ rẹ̀ ni ó fi ń tún ọkọ̀ náà ṣe, kì í pe ẹlòmíràn. Ìwé àkọsílẹ̀ kan wà nínú àpótí irinṣẹ́ rẹ̀, tó jẹ́ pé gbogbo iṣẹ́ tó bá ṣe sí ọkọ̀ náà ló ń kọ síbẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ tó ṣe é. Nígbà tó kú, ọmọkùnrin rẹ̀ gba kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ àti ìwé náà pa pọ̀.

Àbúrò rẹ̀ obìnrin kò fẹ́ ọkọ̀ náà rárá. Ó ní kí wọ́n tà á fún àwọn oníṣòwò àlòkù irin kí wọ́n pín owó rẹ̀. Kì í ṣe pé kò fẹ́ràn bàbá. Ọmọ méjì ló ní, ó sì mọ̀ pé bí ọkọ̀ náà bá ń bẹ, ọjọ́ kan yóò wà tí àwọn ọmọ náà yóò bá ẹ̀gbọ́n òun wọ̀ ọ́. Ó béèrè ìbéèrè kan ṣoṣo lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀: “Ǹjẹ́ o mọ bí ìdí ọkọ̀ yẹn ṣe nípọn tó?” Ẹ̀gbọ́n dáhùn pé bàbá tọ́jú rẹ̀ dáadáa. Àbúrò ní kì í ṣe ohun tí òun béèrè nìyẹn. Ìyá wọn jókòó, kò dá sí i.

Ìbéèrè náà tọ́. Ẹni tó bá mọ ìwà alumíníọ̀mù yóò mọ̀ pé ó tọ́. Irin yìí fúyẹ́. Bí a bá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ irin dúdú tó tóbi bákan náà, díẹ̀ ló fi ju ìdá mẹ́ta ìwọ̀n rẹ̀ lọ. Ní 1886 ni Charles Martin Hall ní Amẹ́ríkà àti Paul Héroult ní ilẹ̀ Faransé, láìmọ ara wọn, rí ọ̀nà tí a fi lè fi iná mànàmáná yọ ọ́ lára erùpẹ̀ rẹ̀ ní ẹ̀dínwó. Ṣáájú ìgbà náà, ohun ọlá ni. Lẹ́yìn rẹ̀, ó di ohun ìkòkò, ohun bàálù àti ohun ọkọ̀ omi. Èyí tí wọ́n fi ń kan ọkọ̀ omi kì í ṣe ògidì alumíníọ̀mù. Wọ́n máa ń po mànẹ́síọ̀mù díẹ̀ mọ́ ọn kó lè le, kó sì lè fara da omi.

Ohun àràmàǹdà ibẹ̀ ni pé alumíníọ̀mù ní awọ tirẹ̀. Ní kété tí afẹ́fẹ́ bá ti kàn án, ọ̀kan nínú èròjà afẹ́fẹ́, ọ́síjìn, á so mọ́ ojú rẹ̀, á sì di èèpo tínrín kan tí ojú kò lè rí. Èèpo yìí ló ń dáàbò bò ó. Bí nǹkan bá ha á, èèpo mìíràn á tún hù níbẹ̀ lójú ẹsẹ̀, bí ìgbà tí ọgbẹ́ bá ń jiná. Ìdí nìyí tí ọkọ̀ alumíníọ̀mù fi lè lo ogójì ọdún lórí omi láìkùn ún ní ọ̀dà, nígbà tí irin dúdú yóò ti dógùn-ún tipẹ́. Ṣùgbọ́n èèpo náà nílò afẹ́fẹ́ kó tó lè hù padà. Níbi tí omi bá dúró sí tí afẹ́fẹ́ kò lè dé, tàbí níbi tí irin mìíràn tó lágbára jù ú lọ bá ti fara kàn án nínú omi, awọ náà kò ní lè hù mọ́. Jíjẹ bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, ọkùnrin náà ní kí wọ́n fi ẹ̀rọ gbé ọkọ̀ náà kúrò lómi, kí wọ́n gbé e lé orí òpó ní èbúté. Ní òde, ó dára lójú. Ó wọ inú rẹ̀, ó ká kápẹ́ẹ̀tì, ó yọ pákó ilẹ̀, ó sì fi tọ́ọ̀ṣì wo ìsàlẹ̀ ikùn ọkọ̀. Níbi tí fóòmù ti fara lé irin, tó sì ti mu omi fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó bá ìyẹ̀fun funfun bí ẹ̀fun. Nígbà tó fi igi ha á kúrò, ihò kéékèèké wà lábẹ́ rẹ̀, bí ojú àpá ilẹ̀gbóná lára ènìyàn. Èyí kò bà á lẹ́rù jù. Fóòmù tútù lára alumíníọ̀mù dà bí aṣọ tútù tí a fi di ojú egbò: afẹ́fẹ́ kò wọlé, omi kò jáde. Bí a bá kó o kúrò, tí ibẹ̀ gbẹ, jíjẹ yóò dáwọ́ dúró.

Ohun tó dá a dúró wà ní ẹ̀yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì ọwọ́ ọ̀tún. Ihò kan wà nídìí ọkọ̀ níbẹ̀ tí omi odò ń gbà wọlé láti tu ẹ́ńjìnnì náà lára, wọ́n sì de ẹ̀rọ tó ń ṣí, tó sì ń tì, mọ́ ẹnu ihò náà. Idẹ ni ẹ̀rọ náà. Ó nípọn, ó ń dán, kò sí àbùkù kan lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n alumíníọ̀mù tó yí i ká ti ṣú funfun, ó ti wú, ó sì ti jẹ wọnú bí ẹni pé eku ló jẹ ẹ́. Ọkùnrin náà fi ìka tẹ ibẹ̀, ìdọ̀tí funfun sì ya bọ́. Ó tan tọ́ọ̀ṣì sí i dáadáa, ó rí i pé ibi tó nípọn tẹ́lẹ̀ kò ju bébà líle lọ mọ́ ní apá kan.

Ó ṣí ìwé bàbá. Ó bá a níbẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ àti oṣù, nínú ọwọ́ ìkọ̀wé gbọọrọ tó mọ̀: bàbá ti yọ ẹ̀rọ àkọ́kọ́ kúrò, ó ti fi idẹ rọ́pò rẹ̀. Ó fà á nílà nídìí, ó ní idẹ tó dára jù lọ ni.

Òótọ́ sì ni. Idẹ tó dára jù lọ ni. Nínú iṣẹ́ púlọ́ńbà, kò sí ohun tó tó idẹ. Nínú ọkọ̀ onígi, òun náà ni ọ̀gá. Ṣùgbọ́n bàbà ló pọ̀ jù nínú idẹ, bàbà àti alumíníọ̀mù kò sì lè jọ wà nínú omi kan láìjẹ́ pé ọ̀kan jẹ èkejì. Bí a bá fi irin méjì tí ìwà wọn kò dọ́gba kan ara wọn, tí omi sì so wọ́n pọ̀, bátìrì ni a ti ṣe. Iná mànàmáná díẹ̀ yóò máa sàn láàárín wọn, èyí tó lágbára kò ní fara pa, èyí tó rọ̀ ni yóò máa yòrò. Bàbà ló jẹ ọkọ̀ náà. Bàbá ló sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé bàbà wọ inú rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ yìí kì í ṣe tuntun. Ní 1824, Humphry Davy, onímọ̀ kẹ́mísírì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ń wá ọ̀nà tí bàbà tí wọ́n fi bo ìdí àwọn ọkọ̀ ogun ọba kò fi ní jẹ mọ́. Ó de irin àti síǹkì mọ́ bàbà náà, ó sì rí i pé irin àti síǹkì ló ń jẹ, bàbà sì là. Látìgbà náà ni àwọn onímọ̀ ọkọ̀ ti ń fi irin kan rúbọ fún òmíràn. Èyí tó rọ̀ jù ni a ó dè mọ́ ara ọkọ̀, kó lè jẹ́ pé òun ni omi yóò kọ́kọ́ jẹ. Nígbà tó bá jẹ tán, a ó yọ ọ́, a ó sì fi tuntun síbẹ̀.

Bàbá mọ èyí náà, ó kéré tán ó mọ ìdajì rẹ̀. Ìrúbọ wà nídìí ọkọ̀ náà, síǹkì mẹ́rin, ìwé àkọsílẹ̀ sì fi hàn pé ọdọọdún ló ń yẹ̀ wọ́n wò. Ohun kan náà ló ń kọ lọ́dọọdún: síǹkì ṣì kún, kò sí ìyọnu. Inú rẹ̀ dùn pé wọn kò jẹ. Ṣùgbọ́n síǹkì tí kò bá jẹ kò ṣiṣẹ́. Omi iyọ̀ ni síǹkì yẹ fún. Nínú omi odò, èèpo líle kan máa ń bò ó, yóò sì sùn síbẹ̀ bí ọdẹ tó gba owó ìṣọ́ tó lọ dùbúlẹ̀. Mànẹ́síọ̀mù ni omi odò ń fẹ́. Omi odò kò sì gbé iná mànàmáná bí omi iyọ̀, nítorí náà jíjẹ náà lọ́ra. Òkun ìbá ti lu ọkọ̀ náà tipẹ́tipẹ́. Díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ó wọgbà fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìwé àkọsílẹ̀ sì ń wí pé àlàáfíà ni.

Ó ṣe ọ̀sẹ̀ kan tí ọkùnrin náà kò fi padà sí èbúté. Kì í ṣe owó àtúnṣe ló ń rò. Ó ń rò ó pé, bí òun bá yọ idẹ náà, bí òun bá yọ síǹkì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, bí òun bá gé ibi tí ọwọ́ bàbá ti ṣiṣẹ́ sọ nù, kí ló kù tó jẹ́ ti bàbá nínú ọkọ̀ náà? Bí òun bá sì fi wọ́n sílẹ̀ nítorí ìrántí, ìrántí náà ni yóò fa ọkọ̀ náà rì. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Kò rí ẹni tí yóò sọ ọ́ fún, nítorí kò fẹ́ kí àbúrò òun gbọ́ pé ohun tó ń bẹ̀rù rẹ̀ wà níbẹ̀ lóòótọ́.

Ìyá ló lọ bá. Ó sọ gbogbo rẹ̀. Ìyá gbọ́ ọ tán, ó ní ọdún tí bàbá fi idẹ náà síbẹ̀ kò ṣàjèjì sí òun. Yìnyín ti sán ẹ̀rọ àkọ́kọ́ ní ìgbà òtútù, omi sì ti wọlé díẹ̀ nígbà tí wọ́n gbé ọkọ̀ sómi. Ẹ̀yin ọmọ méjèèjì wà nínú rẹ̀ lọ́jọ́ náà, ẹ ṣì kéré. Bàbá yín kò sùn lálẹ́ ọjọ́ náà. Ní òwúrọ̀, ó lọ sí ibi tó ń kó ẹrù iṣẹ́ rẹ̀ sí, ó mú idẹ tó wọ́n jù lọ nínú wọn, ó ní èyí kò ní sán láéláé. Lẹ́yìn náà ni ìyá wá sọ pé: “Nítorí yín ló ṣe fi síbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé nítorí àwọn ọmọ àbúrò rẹ ni wàá ṣe yọ ọ́, iṣẹ́ kan náà ni ẹ jọ ṣe.”

Lọ́jọ́ kejì, ọkùnrin náà pe àbúrò rẹ̀, ó sì fi ibẹ̀ hàn án. Kò fi ohunkóhun pa mọ́. Àbúrò wo ihò náà fún ìgbà pípẹ́. Kò sọ pé òun ti wí bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó ní bí wọn yóò bá tún un ṣe, kí wọ́n wọn gbogbo ìdí ọkọ̀ náà láti iwájú dé ẹ̀yìn, kí wọ́n má fi ibì kan sílẹ̀, òun ni yóò sì máa kọ nọ́ńbà rẹ̀.

Wọ́n yá ẹ̀rọ kékeré kan tó ń fi ìró tí etí kò lè gbọ́ wọn bí irin ṣe nípọn tó. Wọ́n fi ẹfun fa ìlà sí ìdí ọkọ̀ náà ní ìbú àti ní òró bí ìwé ìṣirò ọmọ iléèwé. Ẹ̀gbọ́n ń gbé ẹ̀rọ náà ka ojú ìlà kọ̀ọ̀kan, ó ń pe nọ́ńbà. Àbúrò ń kọ ọ́ sára ọkọ̀ àti sínú ìwé. Ọjọ́ méjì ni wọ́n fi ṣe é. Nígbà tí wọ́n parí, ọ̀rọ̀ náà ti kúrò ní ìbẹ̀rù, ó ti di nọ́ńbà. Púpọ̀ jù lọ nínú ìdí ọkọ̀ náà ṣì nípọn bí ọjọ́ tí wọ́n kàn án. Ibi mẹ́ta péré ló ti tín-ínrín: ibi idẹ náà, ibi tí fóòmù sùn sí, àti ibì kan lábẹ́ yàrá iwájú tí wọn kò mọ ohun tó fà á.

Wọ́n tú ilẹ̀ yàrá iwájú. Owó ẹyọ Amẹ́ríkà kan, èyí tí wọ́n ń pè ní penny, ló wà nísàlẹ̀ ikùn ọkọ̀ níbẹ̀, nínú omi díẹ̀ tó dágún, òrùka funfun sì yí i ká. Ọdún 1975 ló wà lára rẹ̀. Ṣáájú 1982, ìdá márùndínlọ́gọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ara owó yìí ni bàbà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n sọ ọ́ di síǹkì tí a fi bàbà bò lójú. Àbúrò rántí pé ibẹ̀ ni àwọn ti máa ń ta owó ẹyọ nígbà ọmọdé, tí òjò bá ń rọ̀ tí wọn kò jẹ́ kí àwọn jáde síta. Ó rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ó dákẹ́. Kì í ṣe ọwọ́ bàbá nìkan ló jẹ ọkọ̀ náà.

Wọ́n pe wẹ́dà tó mọ iṣẹ́ alumíníọ̀mù, nítorí kì í ṣe gbogbo wẹ́dà ló mọ̀ ọ́n. Irin dúdú máa ń pọ́n kó tó yọ́, ó ń kìlọ̀ fún ẹni tó ń jó o. Alumíníọ̀mù kì í kìlọ̀. Ní ìwọ̀n ooru 660 ni yóò yọ́ lójijì, nígbà tó jẹ́ pé èèpo tó bò ó kò ní yọ́ títí ooru yóò fi kọjá 2000. Nítorí náà, a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha èèpo náà kúrò, búrọ́ọ̀ṣì tí kò tíì kan irin mìíràn rí, kí a sì máa fẹ́ gáàsì ágọ́nù sí i bí a ti ń jó o kí afẹ́fẹ́ má baà ráyè. Ṣáájú kí iná tó kan ọkọ̀ náà rárá, wọ́n fa gbogbo pẹtiróòlù kúrò nínú táǹkì, wọ́n fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i títí òórùn fi tán, wọ́n tú wáyà bátìrì, wọ́n sì gbé ohun ìpaná sítòsí.

Wẹ́dà gé ibi tó ti jẹ kúrò títí ó fi dé ibi tí irin ti mọ́. Ó gé alumíníọ̀mù tuntun dí i, irú kan náà pẹ̀lú èyí tó wà níbẹ̀. Kò gé e ní igun mẹ́rin gbọọrọ. Ó ṣe àwọn igun rẹ̀ ní róbótó, nítorí igun ṣóṣóró ni ibi tí sísán ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Kò sì jó o ju bó ti yẹ lọ, nítorí ooru máa ń gba líle kúrò lára irin náà. Nígbà tó parí, wọ́n kun òróró aláwọ̀ pupa kan sí ojú rẹ̀ nínú, wọ́n sì wò ó níta bóyá yóò yọ. Kò yọ.

Ẹ̀rọ tó ń gba omi wọlé wá di oníke líle tí wọ́n fi fọ́nrán gíláàsì mú le. Ike kì í bá alumíníọ̀mù jà. Gbogbo bóòtù irin tí kì í dógùn-ún tó wọ inú alumíníọ̀mù ni wọ́n tú, tí wọ́n fi ọ̀rá ìdènà pa lára, kí wọ́n tó dè wọ́n padà. Fóòmù tútù náà kò padà sínú ọkọ̀ mọ́. Wọ́n gbé pákó ilẹ̀ sókè díẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè máa kọjá lábẹ́ rẹ̀. Ní ti ọ̀dà, wọ́n fi sáńpépà ha ojú irin, wọ́n sì kun ọ̀dà ìpìlẹ̀ ní ọjọ́ kan náà, kí èèpo tuntun tó nípọn. Wọn kò jẹ́ kí ọ̀dà tó ní bàbà nínú, irú èyí tí wọ́n ń lò fún ìdí ọkọ̀ mìíràn, súnmọ́ ọn. Mànẹ́síọ̀mù mẹ́rin gba ipò síǹkì mẹ́rin, wọn kò sì kun ọ̀dà sí wọn lójú, nítorí ohun ìrúbọ tí a bá daṣọ bò kò ṣeé jẹ.

Iná mànàmáná ló kù. Nígbà tí ọkọ̀ bá wà ní èbúté, wọ́n máa ń fi wáyà gba iná láti orí ilẹ̀. Wáyà ilẹ̀ tó wà nínú rẹ̀, èyí tó ń gba ènìyàn lọ́wọ́ ikú bí nǹkan bá bàjẹ́, so gbogbo ọkọ̀ tó wà ní èbúté pọ̀ láìjẹ́ pé àwọn tó ni wọ́n mọ̀. Idẹ inú ọkọ̀ aládùúgbò lè tipa báyìí máa jẹ alumíníọ̀mù tìrẹ. Àwọn kan máa ń gé wáyà ilẹ̀ yìí sọ nù kí ọkọ̀ wọn lè pẹ́. Wọ́n fi ẹ̀mí ènìyàn ra irin. Ohun tó tọ́ ni ẹ̀rọ kékeré kan tí a ń dè sáàárín wáyà náà, tí kì í jẹ́ kí iná tíntìntín tó ń jẹ irin kọjá, ṣùgbọ́n tó ń jẹ́ kí iná ńlá tó lè pani rí ọ̀nà sá lọ. Wọ́n de ọ̀kan mọ́ ọn.

Ibi àwọn ẹ́ńjìnnì ni ọmọ ti rí i pé bàbá òun ju ọ̀gá lọ. Ìrísí wọn dà bí ti ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, àwọn ohun èlò ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí kò wọ́n sì lè wọ̀ wọ́n. Ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n ṣe fún ọkọ̀ omi kì í ta iná síta, nítorí òórùn pẹtiróòlù wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, inú ikùn ọkọ̀ ló máa ń rọ̀ sí, iná kékeré kan sì tó láti fọ́n ọkọ̀ náà ká. Kò sí ẹyọ kan nínú àwọn ohun èlò tí bàbá rà tó jẹ́ ti ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́. Ó fi bébà lẹ ẹ̀gbẹ́ kọ́kọ́rọ́ pé kí fáànù inú ikùn ọkọ̀ ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́rin kí ẹnikẹ́ni tó tan ẹ́ńjìnnì. Ní ọdọọdún, kí òtútù tó dé, ó ń fa gbogbo omi kúrò nínú wọn kí yìnyín má baà sán wọn. Ìwé àkọsílẹ̀ kò fo ọdún kan. Gbogbo páìpù rọ́bà tó wà lábẹ́ omi ló fi ìdè méjì-méjì dè. Gbogbo wáyà ló kọ orúkọ sí lára. Ọmọ fọwọ́ kàn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, kò yọ ìkankan.

Idẹ náà kò lọ sórí ààtàn. Ìyá ní kí ó gbé e wá, kí ó dè é mọ́ ẹnu páìpù ẹ̀yìnkùlé tí òun fi ń bomi rin òdòdó. Bàbà ni páìpù ibẹ̀. Idẹ àti bàbà kì í bá ara wọn jà.

Nínú ìwé àkọsílẹ̀, ọmọ kò pa ohun tí bàbá kọ rẹ́. Ó fa ìlà lábẹ́ rẹ̀, ó kọ ohun tó yọ, ohun tó fi rọ́pò rẹ̀, àti ọjọ́ tó ṣe é. Ó wá fi ohun kan kún un tí kò sí nínú ìwé náà tẹ́lẹ̀: ìdí. Bàbá máa ń kọ ohun tó ṣe, kì í kọ ìdí tó fi ṣe é. Bí kì í bá ṣe pé ìyá ṣì wà láàyè, ta ni ìbá mọ̀ nípa yìnyín, omi tó wọlé, àti òru tí bàbá kò sùn? Ẹni tó bá ka iṣẹ́ láìka ìdí rẹ̀ lè bú ẹni tó ṣe é, ó sì lè tẹ̀ lé e lọ sínú ọ̀fìn kan náà. Àbúrò náà lẹ nọ́ńbà tó kọ mọ́ ojú ìwé tó tẹ̀ lé e, ojú ìlà kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú bó ṣe nípọn tó, kí ẹni tí yóò tún wọ̀n ọ́n lẹ́yìnwá ọ̀la lè mọ ibi tó ti ń dín kù.

Wọ́n gbé ọkọ̀ náà padà sómi. Nígbà tí wọ́n tún gbé e jáde lọ́dún tó tẹ̀ lé e, àbúrò ló kọ́kọ́ tẹ̀ ba lábẹ́ rẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Mànẹ́síọ̀mù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti jẹ dé ìdajì, ara wọn rí bátabàta bí ibi tí ikán ti jẹ igi. Ọmọbìnrin rẹ̀ béèrè pé ṣé ó ti bàjẹ́ ni. Ó ní rárá, pé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Ó mú ìwé náà, ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó sì kọ ìdí rẹ̀ síwájú rẹ̀, nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń tú bóòtù láti fi tuntun síbẹ̀.